Okùn Tí Bàbá Fi Ń Wọn Orí

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan nípa Bàbá sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ pín níbi àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, gbà á, ó kà á, ó sì fi bírò fa gbogbo rẹ̀ dànù. Ibì kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, ibi tí mo ti kọ ọ́ pé Bàbá mọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti parọ́, mo fi í sí i kí ìwé náà lè dùn ún kà ni. Bàbá kò mọ orúkọ wa. "Ìwọ yìí" ló ń pe gbogbo wa, àwa mẹ́rìnlá. Nítorí náà, ohun tí wọ́n fà dànù ni mò ń kọ síbí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ ka ìwé pẹlẹbẹ.

Inú ń bí mi sí i. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, inú ṣì ń bí mi sí i.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ààfáà mẹ́ta ló sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní ọlọ́gbọ́n ni. Ọlọ́gbọ́n kẹ̀! Ẹni tó jẹ́ pé bí o bá bi í bóyá ó ti jẹun, yóò sọ fún ọ pé ọkùnrin kan wà ní Ṣáínà. Kí ọkùnrin Ṣáínà náà tó débi tó ń lọ, oúnjẹ ti tutù, ebi sì ti ń pa ìwọ alára. Màmá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, kó tó kú, sọ fún wa pé òun bi í lọ́jọ́ kan bóyá lóòótọ́ ló fẹ́ fẹ́ obìnrin kan ní Ita Faji. Ó pa ìtàn pẹ́pẹ́yẹ kan fún un. Màmá ní ó tó ọdún kan kí òun tó mọ̀ pé rárá ni ìdáhùn yẹn.

Bàbá Onífìlà ni gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àdúgbò wa, ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Jankara kò fẹ̀ ju ibùsùn méjì lọ. Ibẹ̀ ló ti ń rán fìlà kó tó bí ìyá mi, ibẹ̀ náà ló sì wà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Abetí ajá, gọbi, fìlà àrán tí àwọn ìyàwó máa ń rà fún ọkọ wọn nígbà ọdún Iléyá, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀. Ìyá mi ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, èmi Rísíkátù sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá mi bí. Láti ìgbà tí mo ti lè di ìgbálẹ̀ mú ni mo ti ń gbá ṣọ́ọ̀bù náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbálẹ̀ yìí, nítorí ó dùn mí. Bàbá kì í gbálẹ̀. Àjákù aṣọ òkè, òwú, páálí tí wọ́n ń fi sínú fìlà kó lè dúró, gbogbo rẹ̀ ló máa ń jù sí ẹnu ọ̀nà. Ìgbálẹ̀ á fara ti ògiri níbẹ̀, kò ní wò ó. A ó dé láti ilé ìwé, Wàídì, ọmọ Bọ̀ọ̀dá Sùrájù, á fo ìdọ̀tí náà kọjá, á lọ jókòó. Èmi á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Irú bàbá wo nìyí? Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n bí mi ni? Bí mo ṣe ń kùn ni màá máa gbá a. Bàbá á máa wo àwa méjèèjì láti ẹ̀yìn maṣíìnì rẹ̀ bí ẹni tó ń wo eré. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló dé tí kò lè máa jù ú sínú àpò. Ó ní, "Àpò kì í kùn."

Níbo ló ti rí Ṣáínà? Kò kúrò ní Nàìjíríà rí àfi ìgbà tó lọ Mẹ́kà. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kó tó ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá ará Ṣáínà kan tó ń kó aṣọ wọ̀lú ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Mísítà Lín ni wọ́n ń pè é. Omi gbígbóná lásán ni ọkùnrin náà ń mu látàárọ̀ dalẹ́, ó sì fi kọ́ Bàbá. Nínú oòrùn Jankara, Bàbá á gbé ife omi gbígbóná sẹ́nu, òógùn á máa dà lára àwa tí à ń wò ó. Bí ọkọ̀ ojú omi bá pẹ́ kó tó dé, tí kò sí iṣẹ́, Mísítà Lín á jókòó sórí ìdì aṣọ, á máa pa ìtàn àwọn àgbà ìlú rẹ̀ tó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Táò. Bàbá ní Ọ̀nà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà yẹn kò ka làákàyè ènìyàn sí nǹkan ńlá. Wọ́n ní ohun tí a jẹ́ gan-an ti wà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Mísítà Lín kò pọ̀, ti Bàbá tún kéré sí i. Ohun tó já bọ́ láàárín àwọn méjèèjì, Bàbá fi ti ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Mi ò lè búra pé ará Ṣáínà kankan gbọ́ àwọn ìtàn náà rí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọdún tí mo fi Kàmọ́rù, àfẹ́sọ́nà mi, sílẹ̀. A ti mú ọjọ́ yìgì. Mo wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo ka ẹ̀ṣẹ̀ Kàmọ́rù fún Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìgbà tó parọ́, ìgbà tó gbàgbé, ìgbà tí ìyá rẹ̀ wò mí lọ́nà tí kò dáa. Mo mọ àlàyé í ṣe. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kan ni mo wà nígbà náà, èmi ni mo máa ń kọ lẹ́tà sáwọn ènìyàn pé ìdí báyìí báyìí ni a kò fi lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Mo ní mo ti yẹ ara mi wò, mi ò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ mi. Bàbá fi abẹ́rẹ́ gún ìrọ̀rí kékeré tó máa ń kó abẹ́rẹ́ sí. Ó ní adájọ́ kan wà ní Ṣáínà tí wọ́n sọ fún pé òkùnkùn ń gbé nínú ilé rẹ̀. Ó tan fìtílà. Ó wọ yàrá kìíní, ó wò yíká, kò rí òkùnkùn. Ó wọ èkejì, kò rí i. Ó wọ gbogbo yàrá tán, ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé irọ́ ni, kò sí òkùnkùn nínú ilé yìí. Bàbá tún mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wá ni ìtumọ̀ ìyẹn.

"Ìwọ yìí," ó ní, "fìtílà ọwọ́ rẹ ló ń lé e."

Mo sunkún dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ọmọ rẹ gbé ọkàn tó bàjẹ́ wá bá ọ, fìtílà lo gbé fún un! Ó tó ọdún méjì kí n tó gbà nínú ara mi pé èmi náà ti parọ́ fún Kàmọ́rù, irọ́ tó ju tirẹ̀ lọ. Mi ò jẹ́ kí Bàbá gbọ́, kó má baà máa yọ̀ mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni lẹ́tà kíkọ ti sú mi. Bí mo bá ti kọ "ìdí tí a kò fi lè," ọwọ́ mi á dúró. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ bá a ní Jankara, mo ní kó kọ́ mi ní fìlà. Kò ní káàbọ̀, kò ní kí ló dé. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi.

Ibí yìí ni mo gbọ́dọ̀ ti yìn ín, bó tilẹ̀ korò lẹ́nu mi. Téèpù ni àwọn aránfìlà yòókù fi ń wọn orí. Okùn òwú kan tó ti dúdú ni Bàbá ń lò. Ó ní bí o bá ti gbé téèpù sí ènìyàn lórí, kò ní jẹ́ ara rẹ̀ mọ́. Á na ọrùn, á gbé ojú sókè, á fún eyín pọ̀, ẹ̀gbẹ́ orí á yọ. Orí tó wù ú kó ní ló gbé fún ọ yẹn. Nítorí ìyẹn ni Bàbá ṣe ń pa ìtàn. Oníbàárà á jókòó, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ Ṣáínà rẹ̀. Bí ìtàn bá ti wọ ọkùnrin náà lára, èjìká rẹ̀ á wálẹ̀, ẹnu rẹ̀ á là díẹ̀. Ìgbà yẹn ni okùn á yí i lórí, kíá, Bàbá á sì ta kókó. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ìgbà tó wọ̀n wọ́n.

Èmi tí mo kàwé, mo ní ìfàkókòṣòfò ni. Ní oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, Bàbá lọ kírun, Àlàájì kan dé láti Ìjẹ̀bú, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: ínṣì méjìlélógún àbọ̀. Mo gé e, mo rán an, ó dára lójú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àlàájì dé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bó ṣe tẹ̀ ní rúkúù, fìlà já bọ́ síwájú rẹ̀, ẹni tó wà ní sáàfù, ìlà ìrun tó wà níwájú, sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e padà wá lọ́jọ́ kejì, ó fi í lélẹ̀ níwájú mi. Mo ní téèpù kì í parọ́. Bàbá ní, "Téèpù kò parọ́. Orí ló parọ́."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Gbogbo ìtàn tó ti ń pa fún mi láti kékeré, kí ló ń wọ̀n? Mo bi í lójúkojú. Ó ní kí n bá òun gbé omi kaná.

Ààfáà kan ní Ita Faji bínú sí i nítorí àwọn ìtàn yìí. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí Bàbá fi hádíìsì tí wọ́n wà nínú rẹ̀ han òun. Bàbá ní, "Kò sí nínú hádíìsì, Ààfáà. Inú èmi àti ẹ̀yin ló wà." Ààfáà lọ ń rán fìlà rẹ̀ níbòmíràn fún ààwẹ̀ méjì. Ní ààwẹ̀ kẹta ó padà wá, ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí Bàbá máa sọ ọ́ lọ, òun kò kàn ní fetí sí i.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹsẹ̀ Bàbá wú, kò lè dé Jankara mọ́, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ náà kí n lè tọ́jú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù pe mítìnì ẹbí sí pálọ̀ wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù di ti Wàídì, kí Wàídì máa ta ìbòrí fóònù àti wáyà níbẹ̀. Orí èmi ni wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi wà nídìí maṣíìnì yẹn, mi ò ní iṣẹ́ mìíràn, mi ò sì fẹ́ òmíràn. Gbólóhùn kan péré ni mo ń wá láti ẹnu Bàbá, pé ti Rísíkátù ni. Bí kò bá tilẹ̀ rántí orúkọ mi, ì bá kàn na ìka sí mi.

Ìdí méjì ni Bọ̀ọ̀dá Sùrájù gbé sílẹ̀. Ó ní obìnrin kò gbọdọ̀ máa fọwọ́ kan orí ọkùnrin kiri ní Jankara. Ó ní bó pẹ́ bó yá, màá gbé ṣọ́ọ̀bù ẹbí lọ ilé ọkọ. Èmi ní ìdí méjìlá. Mo ti tẹ̀ wọ́n sínú fóònù láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo sì kà wọ́n láìkólòlò. Nígbà tí mo ṣe tán, mo mọ̀ pé mo ti borí. Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá.

Bàbá ní, "Ìlú kan wà ní Ṣáínà."

Mo di ojú mi. Ó ní ọba ìlú náà sọ fún oníbodè pé kó má jẹ́ kí olè wọlé. Oníbodè wá ń bi gbogbo ẹni tó bá dé: ta ni ọ́, kí lo wá ṣe? Ẹni tó bá dáhùn dáadáa, á ní kó wọlé. Ẹni tó bá ń kólòlò, á lé e padà. Kí ọdún tó yí po, olè ti kún ìlú, àwọn ọmọ onílùú sì ń sùn níta odi. Nítorí pé ẹni tó fẹ́ wá jalè ti múra ìdáhùn sílẹ̀ láti ilé rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wálé kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa bi òun ní nǹkan kan.

Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìdí méjìlá ń tàn lójú rẹ̀. Wàídì rẹ́rìn-ín. Mo dìde.

"Bàbá, ẹ pè mí lólè lójú gbogbo ẹbí," mo ní.

Mo jáde. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi tó ń bá ìtàn náà lọ, kò tilẹ̀ dúró. Mo kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ita Faji, mi ò yọjú sí ilé, mi ò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé Bàbá ń bèèrè mi. Ní ìgbà kejì, mo ní kó sọ fún un pé kó fi ìtàn ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, ó kú. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn sí ẹni tó tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Ó dùn mí, ó sì tún ń bí mi nínú pé ó dùn mí.

Àdúrà ogójì ọjọ́ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, mo mú kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kí n lè kó abẹ́rẹ́ àti àlùmọ́gàjí mi kí Wàídì tó dé wá gba ibẹ̀. Àjákù aṣọ ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe jù wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ tó lò kẹ́yìn níbẹ̀, ìgbálẹ̀ sì fara ti ògiri. Mo ní ẹ ò rí bàbá yìí bí, ó kú tán, kò kó ìdọ̀tí rẹ̀. Mo bú u, mo mú ìgbálẹ̀. Mo ti kó ìdajì rẹ̀ jọ sí ojú ọ̀nà nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Sùrájù dé. Ó fo òkìtì ìdọ̀tí náà kọjá, ó wọlé, ó gbé ọ̀rá dúdú kan lé orí maṣíìnì. Àgádágodo tuntun ló wà nínú rẹ̀.

Ó ní òun fẹ́ kí n kọ́kọ́ rán fìlà kan fún òun ná, irú èyí tí Bàbá máa ń rán, kí òun lè dé e níbi àdúrà. Ó ní òun ti dé ọ̀dọ̀ aránfìlà méjì, tiwọn kò bá òun lórí mu. Lẹ́yìn àdúrà, kí n fún Wàídì ní kọ́kọ́rọ́. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láìtijú. Ǹ bá ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n fìlà ọjọ́ àdúrà Bàbá ni, mi ò sì fẹ́ kí ó já bọ́ ní rúkúù kí wọ́n wá ní èmi ni mo rán an.

Ó jókòó sórí àpótí. Mo mú okùn. Bí mo ṣe gbé e sí i lórí, orí náà le bí òkúta, eyín rẹ̀ fún pọ̀, ó na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Mo gbé okùn kúrò. Mo tún gbé e sí i, bákan náà ni. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti ṣí láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ìlú kan wà ní Ṣáínà."

Mo ń fi ìbínú sọ ọ́ ni. Mo sọ ti ọba, mo sọ ti oníbodè, ti olè tó mọ ìdáhùn àti ọmọ onílùú tó ń kólòlò. Ojú òun àti Wàídì ni mo ń rò bí mo ṣe ń sọ ti olè. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti dìde lọ́jọ́ yẹn, mo dákẹ́, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n dé. Mo wá rí i pé èjìká Bọ̀ọ̀dá ti wálẹ̀.

"O ò dúró gbọ́ ọ tán," ó ní.

Orí rẹ̀ ti wúwo sínú ọwọ́ mi. Ó ń wo iwájú bí ẹni tí baba rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ọba ránṣẹ́ pe oníbodè, ó bi í pé kí ló máa ṣe báyìí. Oníbodè ní òun kò ní bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Ó kó ìdọ̀tí jọ sí ẹnu ibodè, ó fi ìgbálẹ̀ kan ti ògiri níbẹ̀, ó lọ jókòó, ó ń wò.

"Àlejò á fò ó," Bọ̀ọ̀dá ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Olè á fò ó kíá. Ẹni tó ń bọ̀ wálé nìkan ló máa bú oníbodè, á sì gbá a."

Mo rí i tó wo ẹnu ọ̀nà, tó wo ìgbálẹ̀ tí mo gbé kalẹ̀ nígbà tó dé, tó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òwú pupa kan lẹ̀ mọ́ sálúbàtà rẹ̀. Mo fa okùn yí i lórí, mo ta kókó.

"Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ," mo ní. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ó bi mí bóyá mo ti wọ̀n ọ́n. Mo ní mo ti wọ̀n ọ́n, kó wá gba fìlà rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó dìde. Nígbà tó ń jáde, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì ìdọ̀tí náà kọjá, kò fò ó. Ọ̀rá dúdú wà lórí maṣíìnì níbi tó gbé e sí. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbàgbé rẹ̀ ni. Ó wá gba fìlà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò mú ọ̀rá náà. Lọ́jọ́ Àìkú ó dé fìlà náà, ó kírun, ó tẹ̀ ní rúkúù, kò já bọ́. Wàídì kò tíì wá bèèrè kọ́kọ́rọ́.

Mi ò tíì forí ji Bàbá. Gbólóhùn kan ni mo bèèrè. Ó ní ẹnu, ó ní ìka, ó jẹ́ kí n máa gbé ìbínú kiri fún odindi oṣù méjì, kí n sì ránṣẹ́ èébú sí i kó tó kú, nítorí ìgbálẹ̀. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Sùrájù lọ tán, mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo sì bú u dáadáa, sókè, débi pé ìyá tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọjú wò mí. Nígbà tí mo bú u tán, mo gbá ìyókù.